Ọjọ́ Tí Oṣù Wọ Òòkùn

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọdún 2023 ni Ṣéhù ti Oyigbo wá sí Rumuomasi ní Port Harcourt. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ṣọ́ọ̀bù Ganiyat, kò bọ́ fìlà, bí ẹni tí kò ní í pẹ́. Ganiyat ń rán síìpù mọ́ síkẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́. Ó mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ òun bá wá. Ó tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè bá òun di ọkùnrin náà lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀.

"Ìyá Bilkis, dá ẹsẹ̀ dúró ná."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Onísíkẹ́ẹ̀tì ti ń bọ̀."

"Onísíkẹ́ẹ̀tì á dúró. Màmá ni kò lè dúró." Ṣéhù wá bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún gbé wọn dé láti ọsibítù. Ohùn wọn ti tín-ín-rín lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ: kí Ganiyat mú ọjọ́ kan wá fún mi."

Ẹ̀rọ dákẹ́.

Nasir, ọkọ Ganiyat, wẹ́dà ni. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀ kó wọlé, wọ́n pè é sí iṣẹ́ ní erékùṣù kan. Òun àti àwọn wẹ́dà bíi tirẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní wọ́tásáìdì láàárọ̀, ó sì ní òun á ti padà kí sààrì àkọ́kọ́ tó jinná. Ìjì jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n rí kẹ́ẹ̀gì epo ọkọ̀ náà lójú omi, wọ́n rí bàtà kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọn ò rí ọkọ̀, wọn ò rí ènìyàn. Àwọn kan ní ọjọ́ náà gan-an ni omi gbé wọn lọ. Apẹja kan wá ní òun rí ọkùnrin kan lẹ́yìn ìgbà náà, nínú ẹrẹ̀ láàárín igi ẹ̀gbà etí omi, tó ń fi ẹ̀wù pe ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òun fi máa yí ọkọ̀ padà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Ganiyat gbé ọ̀rọ̀ apẹja yìí sínú bí ẹní gbé oyún tí kò níí bí.

Áfà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ó ti tó àkókò tí wọ́n lè kírun sí Nasir lára bí kò tilẹ̀ sí òkú nílẹ̀. Ìyá Nasir ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ ìrun náà, ó sì tún fẹ́ ohun mìíràn: ó fẹ́ ọjọ́ kan pàtó tí wọn yóò máa ṣe sàráà fún ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún, títí kan ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ kò ní sí mọ́. Ó sì ní ẹnu ìyàwó ni ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ti jáde, nítorí ẹni tó ń sùn ti ọkùnrin ló mọ ọjọ́ tí ibùsùn tutù.

"Ṣé ẹ̀yin náà ò lè mú ọjọ́ kan?" Ganiyat béèrè. "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Bí mo bá mú un, Màmá á mọ̀ pé èmi ni mo mú un. Wọ́n á ní mo parọ́ mọ́ òkú." Ṣéhù tún fìlà dé. Kò fẹ́ wo ojú Ganiyat. "Ìyàwó wa, mi ò fipá mú ọ. Ṣùgbọ́n arúgbó ń kánjú. Má jẹ̀ẹ́ kó kú sórí ìbéèrè."

Nígbà tó lọ tán, Ganiyat gbójú sókè wo pẹpẹ. Lẹ́yìn àwọn òwú, bùrọ̀kéèdì aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù. Nasir ló rà á fún Iléyá ọdún tó lọ yẹn. Ganiyat ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà èjìká rẹ̀ sí i lára. Sísọ́ọ̀sì kò tíì kàn án. Bí òun bá ní Ọjọ́bọ̀ ni, ó ń rò ó lọ́kàn, a jẹ́ pé òun ni òun pa á lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, nígbà tó ṣeé ṣe kó ṣì máa fi ẹ̀wù pe ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Obìnrin wo ló ń sáré pa ọkọ rẹ̀ ṣáájú ikú?

Ibi tó ń rò ó dé nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí Màmá Tíṣà sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì aṣọ, tó ń fi ọwọ́ kan di etí sáárì, aṣọ gígùn tó wé mọ́ra, mú kó má baà wọ́ nínú ẹrẹ̀.

Ará Íńdíà ni Màmá Tíṣà. Sàrójà lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ìlọrin ni òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ dé sí nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ó sì kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní ìṣirò níbẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Port Harcourt. Yorùbá Ìlọrin tó kọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fi í sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń gba ìta méjì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ aránṣọ tó lè bá a sọ ọ́.

"Ganiyat, ọmọ mi, wá bá mi tú búláòsì yìí. Apá rẹ̀ ń pa mí lára."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jókòó. Apá kọ́ ló ń pa yín lára, ẹ̀yin lẹ sanra."

"Èmi àbí ìwọ ló sanra? Wo ẹnu rẹ̀." Ó jókòó, ó wo aago ara ògiri, ó sì ké sí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ náà níta. "Má dúró dè mí o! Máa lọ. Mi ò lè jáde níbí báyìí."

"Mama, but you talk say na five minutes!" ni awakọ̀ náà ń jágbe.

"Ráhù ti dé sójú títì."

"Who be Rahu? Na police?"

Bilkis, ọmọ Ganiyat, tó ti ilé ìwé dé, tó sì ń jẹ bọ́ọ̀lì lórí pákó ìgéṣọ, bú sẹ́rìn-ín. "Oga driver, e worse pass police. Na bad time. E go reach evening before e comot for road." Awakọ̀ náà pòṣé, ó sì wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ganiyat mọ Ráhù dáadáa. Màmá Tíṣà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un láìmọye ìgbà, nítorí pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyókù ọ̀sán ni ti Ráhù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni Màmá Tíṣà máa ń rántí aṣọ. Wọ́n á pín ojúmọmọ láti yíyọ oòrùn títí dé wíwọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ ti Ráhù, àǹjọ̀nnú ojú ọ̀run kan tó máa ń gbé òṣùpá àti oòrùn mì nígbà tí wọ́n bá ṣókùnkùn. Ẹnì kankan kì í dáwọ́ lé ohun tuntun ní àkókò rẹ̀. Wọn kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í mú ọ̀nà pọ̀n. Ojoojúmọ́ ló sì ń pa ibùdó dà: ọjọ́ Ajé, ó di òwúrọ̀, ọjọ́rú, ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

"Màmá, Alásárì bọ́ sínú Ráhù yín lónìí," ni Ganiyat máa ń fi dá a lára yá.

"Kírun rẹ. Ráhù kì í bá ẹni tó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ jà. Ẹni tó ń kánjú ló ń wá."

Lónìí, kò dá a lára yá. Màmá Tíṣà rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò béèrè. Ó na búláòsì náà lé e lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ kó yá. Ìgbà àwọn òkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Ṣe bí ó ti yẹ kó ti kọjá? Lọ́dún tó kọjá, ẹ wọ aṣọ yẹn kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dá."

"Ọdún tó kọjá kọ́ nìyí. Ọdún yìí a fi oṣù kan kún un."

"Oṣù kan?" Bilkis fi bọ́ọ̀lì sílẹ̀. "Grandma, oṣù kẹtàlá? Ẹ má jẹ́ kí landlord wa gbọ́ o!"

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bó ṣe máa ń ṣe níwájú bọ́ọ̀dù láyé ìgbà náà. Òṣùpá ló ń ka ọjọ́ fún wọn, ó ní, bó ṣe ń ka ọjọ́ fún àwọn mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ọdún òṣùpá kúrú ju ọdún oòrùn lọ. Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kó kúrú, ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ yín fi ń rìn kiri, tó ń bọ́ sínú òjò, tó ń bọ́ sínú ọ̀gbẹlẹ̀. Tàwa kò gbọdọ̀ rìn bẹ́ẹ̀. Bí òṣùpá bá ti fi oòrùn sílẹ̀ jù, a ó dá a dúró, a ó fi oṣù kan kún un, kí oòrùn lè bá a. Bí ìyàwó tó ń yára rìn ju ọkọ lọ, tó wá jókòó lábẹ́ igi dè é.

"Ọjọ́ inú oṣù náà ńkọ́?" Ganiyat béèrè. Bó ṣe ń tú okùn apá búláòsì náà ló ń gbọ́.

"Ìrìn òṣùpá kì í ṣe déédéé. Nígbà mìíràn á sáré, nígbà mìíràn á wọ́ ẹsẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ òṣùpá kan lè gùn, òmíràn lè kúrú. Nígbà tí oòrùn bá yọ, èyí tó bá bá lórí iṣẹ́ ló ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ òṣùpá mìíràn wà tí yóò yọjú lẹ́yìn ìdájí, tí yóò sì ti lọ kí ìdájí kejì tó mọ́. Oòrùn kankan kò bá a. Ọjọ́ yẹn ò ní wọ inú kíkà wa rárá. Ó wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kí i."

Ganiyat gbójú sókè. "Ó wà, kò sì sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n ní ìṣirò kọ́." Màmá Tíṣà tún wo aago. "Ọ̀sẹ̀ méjì tí òṣùpá fi ń kéré nínú oṣù tí mo wí yìí, tiwọn ni. Olúkúlùkù òkú ní ọjọ́ òṣùpá tó kú sí. Lọ́jọ́ tirẹ̀ ni a ó se oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ọkọ mi, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín. Ìlọrin ló ti kọ́ ọ."

Ganiyat ti tú apá búláòsì náà tán, síbẹ̀ ó ṣì ń fa okùn tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ẹni tí a ò mọ ọjọ́ tó kú ńkọ́, Màmá?"

Màmá Tíṣà ká ọwọ́ lé orúnkún. Lórí bẹ́ńṣì kan náà tí Ṣéhù jókòó sí ló wà, òun náà sì mọ ìtàn Nasir, gbogbo Yorùbá tó wà ládùúgbò ló mọ̀ ọ́n.

"Òun náà ní ọjọ́," ó ní. "Èyí tó kẹ́yìn. Nígbà tí òṣùpá bá ti parẹ́ pátá. Ẹni tó bá omi lọ, ẹni tó kú sójú ogun, ẹni tí kò sí ọmọ tó máa rántí rẹ̀, gbogbo wọn la máa ń pè lọ́jọ́ náà."

"Yorùbá ní orúkọ fún un," ni Ganiyat wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "À ń pè é ní ìgbà tí oṣù wọ òòkùn."

"Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní ni. Mùsùlùmí ni ọ́, mi ò ní kó o ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ wá wò, ilé mi kò tilẹ̀kùn."

Ganiyat kò sọ pé òun ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé náà, kó tó di pé ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé ẹsẹ̀ òun ti mú ọ̀nà ilé Màmá Tíṣà.

Ó bá a lẹ́yìnkùlé, ó ti wọ búláòsì tí Ganiyat tú tó sì tún rán, ó ń ka kàlẹ́ńdà kékeré kan tó kún fún ìwé wínníwínní. Arákùnrin rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ láti Íńdíà lọ́dọọdún.

"Kàlẹ́ńdà yìí kò mọ Port Harcourt," ó ní, kò tilẹ̀ kí Ganiyat. "Aago ilé wa ló ń sọ. Oòrùn ti là lọ́hùn-ún kí ẹ tó la ojú níbí. Ọmọ mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń tẹ̀ lé e bó ṣe wà, lọ́dún kan ó jí mi láti se oúnjẹ fún òkú tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ. Mo ní, bàbá rẹ ti jẹun níbòmíràn."

Òórùn ìrẹsì gba ẹ̀yìnkùlé. Màmá Tíṣà fi ìrẹsì àti yánmọtí dúdú mọ bí ẹ̀kọ róbótó róbótó lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì gbé e sórí fẹ́ǹsì. Kannakánná ló ń retí, ó ní. Lọ́dọ̀ wọn, kannakánná ló máa ń gba oúnjẹ náà lọ fún àwọn baba. "Tiyín tó wà níhìn-ín wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun sáyà. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹbí kan náà ni wọ́n."

Wọ́n dúró. Èéfín dúdú àwọn tó ń sun epo rọ̀bì, tó máa ń ti ọ̀nà odò wá, ṣú ojú ọ̀run díẹ̀. Kannakánná kan bà sórí òpó iná, ó wo oúnjẹ, ó wo àwọn obìnrin méjèèjì, ó sì fò lọ. Bí wọ́n ṣe ń wo ibi tó gbà lọ, adìẹ aládùúgbò méjì ti fò sórí fẹ́ǹsì, wọ́n ń ṣá ìrẹsì náà bí ẹni tí wọ́n pè.

"Ṣíọ̀! Ṣíọ̀!" Màmá Tíṣà ká sáárì, ó sáré síwájú, ó sì dúró. Ẹ̀rín gbà á. "Ó dáa, ẹ jẹ ẹ́. Ta ló mọ ẹni tí ẹ ń jíṣẹ́ fún."

Ganiyat kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé kiri láti ọdún mẹ́fà ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá, bí mo bá fún un ní ọjọ́, tó bá ṣì wà láàyè ńkọ́?"

Arúgbó náà fi ewé tó ṣẹ́kù nu ọwọ́. Ó fa àpótí méjì, ó sì ní kí ó jókòó.

"Àbúrò bàbá mi kan lọ sójú ogun nígbà tí mo kéré. Wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ọdọọdún, lọ́jọ́ tí oṣù wọ òòkùn, ìyá rẹ̀ ń gbé ìrẹsì fún un. Ó gbé e títí mo fi dàgbà. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, ó tiro, irùngbọ̀n dé àyà. Òun ni. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti ń bọ́ ọ látọjọ́ yìí, ó ní, 'Abájọ tí kò fi dùn. Ẹ kì í fi iyọ̀ sí i.'"

Ẹ̀rín já lẹ́nu Ganiyat láìròtẹ́lẹ̀, omijé sì tẹ̀ lé e.

"Ìyá rẹ̀ ò pa á, Ganiyat. Ó fi àga sílẹ̀ dè é ni. Ẹni tó bá wá jókòó lórí rẹ̀, yálà òkú ni o, yálà alààyè ni o, ó bá a níbẹ̀."

Wọ́n jókòó títí àwọn adìẹ fi jẹ oúnjẹ tán. Ganiyat ń ronú nípa àwọn òkú Màmá Tíṣà, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé òṣùpá wá sílé. Wọ́n kì í ṣe òkú tirẹ̀. Bùrọ̀kéèdì tó ní ìlà ṣọ́ọ̀kì ni tirẹ̀, àti sààrì tí kò jinná. Ọ̀rọ̀ sààrì yìí ló mú un dúró. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ nínú àpò aṣọ tó wọ̀ sára láti àárọ̀ ló rí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni òun àti Bilkis wọ ọkọ̀ lọ sí Oyigbo. Ṣéhù ń yí táyà tuntun wọlé láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tó rí wọn. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú ọjọ́ wá."

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà.

"Ìrun, kí Áfà kí i lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí Màmá lè gbọ́ ọ sétí. Sàráà ọdọọdún ni ọjọ́ wà fún. Ọjọ́ tí oṣù Ṣáábánì bá fẹ́ parí ni kí wọ́n máa ṣe é, nígbà tí oṣù wọ òòkùn, tí gbogbo ayé ń wo ojú sánmà bóyá oṣù ààwẹ̀ á lé. Ọjọ́ iyèméjì."

Ṣéhù fi ìka họ orí. "Ìyàwó wa, ọjọ́ yẹn ò dúró lójú kan. Ìgbà mìíràn a ní ó wà, tí oṣù bá lé kíákíá, kò sí mọ́. Déètì wo ni màá sọ fún Màmá?"

"Kò sí déètì. Ó ní òun á dé kí sààrì tó jinná. Ìgbà tí a máa ń retí sààrì ni ká máa retí rẹ̀. Bó bá ti kú, kí sàráà bá a níbẹ̀. Bí kò bá kú..." Ganiyat fa Bilkis mọ́ra. "Bí kò bá kú, á bá wa níta, à ń wo òkè."

Ṣéhù dìde lórí táyà. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì fi ohùn sí gbangba. Ó rọra ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn arúgbó náà jáde ní tín-ín-rín.

"Ṣé Ganiyat wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Ọjọ́ yẹn ni mo bí i," ni ìyá Nasir wí. "Wọn ò sọ fún ọ rí? Àwọn kan ní oṣù ti lé, àwọn kan ní kò tíì lé. Bàbá rẹ̀ wà níta tó ń wòkè nígbà tó ké." Ó wúkọ́ díẹ̀. "O ṣé o, ọmọ mi. Mo gbà á."

Nígbà tí wọ́n padà dé Rumuomasi, Ganiyat ṣí ṣọ́ọ̀bù dípò kí wọ́n kọjá sílé. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ó gbé láílọ́ọ̀nù náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku dúdú rẹ̀ dànù, ó sì tẹ́ bùrọ̀kéèdì náà sórí pákó ìgéṣọ. Ìlà ṣọ́ọ̀kì náà ti ṣá, ṣùgbọ́n èjìká Nasir ṣì wà níbẹ̀.

"Mummy, wetin you wan sew?"

"Aṣọ ààwẹ̀ rẹ. Wá dúró síbí kí n wọn ọ́."

Bilkis wo aago ara ògiri, ó sì fi ẹ̀rín dí ẹnu. "Mummy, Sunday evening! Rahu dey road o. Grandma go shout."

Ganiyat gbé sísọ́ọ̀sì sókè, ó sì wo aago náà fún ìgbà díẹ̀. Lóòótọ́ ni, ìrọ̀lẹ́ Àìkú jẹ́ ti Ráhù. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé sísọ́ọ̀sì lé itan. Wọn kò kánjú. Wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà papọ̀, wọ́n ń wo òkè, títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbà. Ó dìde, ó kírun, ó padà wá.

"Bísímílàhì," ó wí, ó sì gé e.